Ung, Trag àti Spruch: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ìparí Wọn Jọra Nínú Lẹ́tà Tó Ń Wọlé Wá

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé wa sọ ní Hamburg, tí a sì tún sọ ní Berlin

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí tán ní Hamburg, ọ̀pọ̀ yín ló ní ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Òun la kọ síbí.

Gbogbo àwa tí a lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé la rántí bí tíṣà ṣe máa ń kọ ọ́ sójú pátákó: cat, rat, mat, bat. Ìparí kan náà ni gbogbo wọn ní. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà níwájú ló ya ológbò sọ́tọ̀ kúrò lára eku, tó sì ya eku sọ́tọ̀ kúrò lára ẹní. Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àfi pé inú ohùn ni tiwa wà: ọkọ ló ń san owó ilé, ọkọ́ la fi ń roko, ọkọ̀ la ń wọ̀, ọ̀kọ̀ la fi ń jagun. (Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ pé ọkọ ló ń san owó ilé. A gbọ́ yín o.)

Gẹ̀ẹ́sì iléèwé yẹn la gbé dé Jámánì, ó sì ń ṣe wá lóore. Hand, land, sand: bákan náà ni lédè méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọkàn èèyàn ti ń balẹ̀ jù. Ẹ fi Brand tẹ̀ lé e, kí ẹ wò ó: lédè Jámánì, iná tó ń jó ilé ni Brand. Wand ni ògiri. Not tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé rárá, ọ̀ràn pàjáwìrì ni níbí. Notausgang tí ẹ ń rí lókè ilẹ̀kùn kò sọ pé kí ẹ má gba ibẹ̀ jáde. Ohun tó ń sọ ni pé ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbà sá jáde bí iná bá sọ. Notaufnahme ni ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn. Rot ni àwọ̀ pupa, tot ni òkú, Brot ni búrẹ́dì. Rat kì í ṣe eku, ìmọ̀ràn ni, ìgbìmọ̀ sì ni pẹ̀lú, nítorí náà Rathaus kì í ṣe ilé eku bó ti wù kó rí.

Gift ni kí ẹ fi sọ́kàn jù nínú gbogbo ìyẹn. Ẹ̀bùn ni lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, májèlé ni lẹ́nu Jámánì. Tí ẹ bá rí i lára ike oògùn ìfọlé tàbí oògùn eku, ẹ gbé e sókè kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o. Bí ọmọ bá ti mu ún, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, ẹ pe Giftnotruf: ní Berlin, 030 19240, ní Hamburg, 0551 19240, torí Göttingen ni ibi tó ń dá àwọn ará Hamburg lóhùn wà. Bí ọmọ bá ti dákú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíràn pè, 112 ni.

Ìkan tún wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wedding. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ti máa ronú aṣọ ẹbí. Orúkọ àdúgbò kan ní Berlin ni Wedding, níbi tí Togostraße àti Kameruner Straße wà. Kóòtù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Amtsgericht Wedding. Tí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ jẹ òun ní gbèsè bá fìdí kalẹ̀ sí Berlin tàbí Brandenburg, láti kóòtù yẹn ni ìwé gbèsè tó ń jẹ́ Mahnbescheid ti máa wá bá yín. Tó bá jẹ́ Hamburg tàbí Mecklenburg-Vorpommern ni ilé iṣẹ́ náà wà, Amtsgericht Hamburg-Altona ló máa fi ránṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi tí ẹni tó ń béèrè owó wà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin ń gbé. Èèyàn lè wà ní Wilhelmsburg kí ìwé Wedding bá a níbẹ̀. Kò sí ìyàwó níbẹ̀, kò sí ìrẹsì, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ung, nítorí òun ló ń dààmú wa jù. Bí ẹ bá tú àpò lẹ́tà ọdún kan ká, ung ni ẹ máa rí láti òkè dé ìsàlẹ̀: Mahnung, Ladung, Kündigung, Duldung, Rechnung, Anhörung. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rò pé ìdílé kan ni wọ́n, pé gbogbo wọn ń sọ nípa owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ung ń ṣe, àwa náà ní ohun tó ń ṣe irú ẹ̀ nínú Yorùbá. Àwa ń mú kìlọ̀, a fi ì síwájú rẹ̀, ó di ìkìlọ̀. A mú pè, ó di ìpè. A mú pàdé, ó di ìpàdé. Àwọn Jámánì ń mú warnen, wọ́n fi ung sẹ́yìn, ó di Warnung. Ohun tí àwa ń fi síwájú ni àwọn ń fi sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ìkìlọ̀ àti ìpàdé jọ jẹ́ nǹkan kan náà torí pé ì ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ung. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, iwájú ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kíláàsì èdè, ẹ gba èyí lọ́fẹ̀ẹ́: ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n fi ung ṣe báyìí, die ni gbogbo wọn.)

Mahnung wá láti ara mahnen, kí á rán ẹni tó jẹ gbèsè létí. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tàbí ilé ìtajà ló máa ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò tíì dé kóòtù. Bí ẹ bá jẹ owó náà, ẹ san án tàbí kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé ẹ fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ò bá jẹ ẹ́, ẹ kọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀. Mahnbescheid, tí a ti dárúkọ, ìwé kóòtù ni, inú ẹnfilóòpù yẹ́lò ló sì máa ń wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kóòtù kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni gbèsè náà. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ fọ́ọ̀mù, tó san owó rẹ̀, wọ́n á bá a fi ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù Widerspruch wà nínú ẹnfilóòpù kan náà. Bí gbèsè náà kì í bá ṣe tiyín, tàbí tí iye rẹ̀ kò tọ́, ẹ kọ ọ́, ẹ sáìn ín, kí ó padà dé kóòtù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá dákẹ́, Vollstreckungsbescheid ló ń bọ̀. Ìyẹn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì tirẹ̀ tí ẹ lè fi kọ Einspruch, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bọ́ díẹ̀, torí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà. Tí ìyẹn bá tún kọjá, ọgbọ̀n ọdún ni ìwé náà fi lágbára. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín ní báńkì, wọ́n sì lè rán òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń jẹ́ Gerichtsvollzieher wá sílé. Ẹni tó fẹ́ lo ọgbọ̀n ọdún nítorí owó fóònù tí kò jẹ, ká máa wò ó.

Ladung ni kóòtù tàbí ọlọ́pàá fi ń pe èèyàn. Einladung ni ìwé ìpè síbi àríyá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: Jobcenter náà ń pe lẹ́tà tirẹ̀ ní Einladung. Ìpè yẹn kì í ṣe ìpè àríyá. Bí ẹ kò bá lọ, tí ẹ kò sì ní ìdí kan tó yanjú, wọ́n lè gé nínú owó yín. Bí ara yín kò bá yá, ẹ gba ìwé dókítà kí ọjọ́ náà tó pé. Anhörung ń fún yín láyè láti sọ tẹnu yín kí wọ́n tó pinnu. Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní ẹ ṣẹ̀ sófin, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà títí ẹ ó fi rí lọ́yà, àfi orúkọ àti àdírẹ́sì yín tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Anmeldung ẹ ti mọ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọ ilé, pẹ̀lú ìwé tí lánlọ́ọ̀dù bá yín sáìn.

Kündigung ni ká dúró tì díẹ̀. Kündigen ni kí á fòpin sí àdéhùn. Bí ó bá wá láti ibi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ní láti gbé e lọ sí Arbeitsgericht, láti ọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kò nílò lọ́yà kí ẹ tó lọ. Ọ́fíìsì kan wà nínú kóòtù náà tó ń jẹ́ Rechtsantragstelle, wọ́n á bá yín kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá gbọ́, kí ẹ ti sọ fún Agentur für Arbeit pé ẹ ń wá iṣẹ́. Òfin sọ pé orí ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ sáìn ni Kündigung gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ kò dúró, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn jókòó sílé, ẹ lọ béèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wa ní Hamburg gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ibi tó ti ń tún ilé ṣe. Ó rí ung nípàrí rẹ̀, ó kà á sí ìwé gbèsè, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn Mahnung. Nígbà tó fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti wọlé. Ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Lọ́yà tó bá a wò ó sọ pé ẹjọ́ tó ṣeé jà ni ì bá jẹ́.

Bí Kündigung bá wá láti ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù, ẹ wo bóyá fristlos wà níwájú rẹ̀. Fristlos ni pé wọn kò fún yín láyè ọjọ́ kankan, owó ilé tó ti di oṣù méjì ló sì máa ń fà á jù. Bí wọ́n bá ti gbé yín lọ sí kóòtù láti lé yín jáde, tí ẹ sì san gbogbo owó náà láàárín oṣù méjì tí ìwé ẹ̀sùn dé ọwọ́ yín, ó lè pa fristlos náà rẹ́. A ní ó lè, torí bó bá ti ṣẹlẹ̀ rí láàárín ọdún méjì tó kọjá, kò tún ṣiṣẹ́ mọ́, lánlọ́ọ̀dù sì tún lè ti kọ Kündigung kejì tó ní oṣù nínú mọ́ ọn. Ẹ má dúró de kóòtù. Jobcenter tàbí Sozialamt lè yá yín ní owó ilé náà kí ẹ má baà di aláìnílé. Ní Hamburg, Fachstelle für Wohnungsnotfälle ni kí ẹ lọ. Ní Berlin, Soziale Wohnhilfe wà ní Bezirksamt àdúgbò yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ páálí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti wà níbí láti ọdún 1990 síwájú á rántí òfin àtijọ́, nígbà tí Befugnis, Bewilligung, Berechtigung àti Erlaubnis jọ wà lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú ń bi ẹnì kejì pé èwo ni tìrẹ. Láti January 1, 2005 ni wọ́n ti yí i padà. Méjì tó gbajúmọ̀ jù báyìí ni Aufenthaltserlaubnis tó ní ọjọ́ ìparí, àti Niederlassungserlaubnis tí kò ní. Ẹ kíyè sí i pé nis ni wọ́n fi parí. Àwọn tó fi ung parí kò lágbára tó wọn. Aufenthaltsgestattung ni ti ẹni tó béèrè ibi ìsádi tí wọn kò tíì dá lóhùn. Duldung wá láti ara dulden, kí á fara da nǹkan: ìjọba ní òun ṣì ń fara dà á pé ẹ wà níbí. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú.

Lórí ìwé Duldung náà, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ Aussetzung der Abschiebung. Ìyá kan rí Abschiebung níbẹ̀, ẹ̀rù bà á, kò sùn lóru náà. Abschiebung ni kí wọ́n fi ipá dá èèyàn padà sílé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Aussetzung, ń sọ pé wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ung mẹ́ta ló wà lórí ìwé kan: èyí tó ń lé yín, èyí tó dá lílé náà dúró, àti orúkọ ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ìdádúró yẹn sùn o, ẹ wá ìmọ̀ràn nígbà tí àkókò ṣì wà.

Fiktionsbescheinigung ń fi hàn pé ẹ ti béèrè fún páálí, pé ẹ ń retí èsì. Kí èyí tí ẹ ní tó parí ni kí ẹ ti béèrè. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Lagos, ẹ wo ibi tí wọ́n ti sàmì sí. Bó bá jẹ́ § 81 Abs. 4 ni wọ́n sàmì sí, páálí àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀. Bó bá jẹ́ Abs. 3, ẹ lè jáde, ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè mú yín wọlé padà. Nọ́ńbà kan péré ló yà wọ́n, bíi cat àti rat.

Trag kò le. Vertrag ni ìwé àdéhùn. Antrag ni ìwé tí ẹ fi béèrè nǹkan. Beitrag ni owó tí ẹ ń dá. Vortrag sì ni irú èyí tí a ń sọ lọ́wọ́ yìí. Ibi tí méjì ti pàdé ni Rundfunkbeitrag, owó rédíò àti tẹlifíṣàn. Láti ọdún 2013 ni ilé kọ̀ọ̀kan ti ń san án, ẹ ní tẹlifíṣàn o, ẹ kò ní o. Ẹni tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ láti Jobcenter tàbí Sozialamt lè bọ́ lọ́wọ́ Beitrag yìí, àmọ́ kò ní bọ́ fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ Antrag. Wọ́n lè kà á padà sẹ́yìn títí dé ọdún mẹ́ta bí ẹ bá ní ìwé tó fi hàn.

Spruch wá láti ara sprechen, kí á sọ̀rọ̀. Anspruch ni ẹ̀tọ́ yín. Widerspruch àti Einspruch ni ẹ fi ń sọ pé ẹ kò gbà. Èwo ni kí ẹ kọ, ọjọ́ mélòó sì ni ẹ ní? Ìdáhùn wà nísàlẹ̀ ìwé ìjọba, lábẹ́ àkọlé gígùn kan, Rechtsbehelfsbelehrung. (Ung náà nìyẹn o.) Fún ọ̀pọ̀ Bescheid, oṣù kan ni. Ìwé mìíràn wà tí kò ní Widerspruch rárá, kóòtù tààrà ni. Bí wọn kò bá kọ àlàyé yẹn sí i, ọdún kan ni ẹ sábà máa ń ní. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ sáìn ín, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì. Bí ẹ bá lè fọwọ́ ara yín mú un lọ, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ímeèlì lásán kò tó.

Ní ti ẹnfilóòpù yẹ́lò, ọjọ́ tí ẹni tó ń pín lẹ́tà jù ú sínú àpótí yín ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wà nílé o, ẹ wà níbi iṣẹ́ o. Kíkọ̀ láti ṣí i kò dá nǹkan kan dúró. Nítorí náà kí orúkọ yín wà lára àpótí náà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìmọ̀ràn òfin wà tí owó rẹ̀ kò ga. Ní Hamburg, ẹ béèrè Öffentliche Rechtsauskunft, tí wọ́n ń pè ní ÖRA, fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Ní Berlin, ẹ lè gba Beratungshilfeschein ní Amtsgericht, kí ẹ gbé e lọ bá lọ́yà, owó tó sì lè gbà lọ́wọ́ yín kò ju euro 15 lọ. Migrationsberatung wà ní Caritas, Diakonie àti AWO nílùú méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni.

Ní Berlin, ìyá kan béèrè pé ṣé kò lè jẹ́ pé ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò máa ka lẹ́tà fún òun, torí ó mọ Jámánì ju tíṣà lọ. Lóòótọ́, ó mọ̀ ọ́n kà. Haus, Maus, Laus ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe fi cat àti rat kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò rí Einladung, yóò sì sọ fún màmá rẹ̀ pé wọ́n ní kó wá ṣeré. Ẹ jẹ́ kó ka nǹkan mẹ́ta péré fún yín: ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti ìlà tó dúdú jù lókè. Ẹ má mú un kúrò níléèwé láti wá ṣe ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ gbé ìyókù wá, kí ẹ sì kó ẹnfilóòpù rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má jù ú nù, torí ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ tó dé sí.